Àwọn ẹyẹ tó ń wọ ẹ̀yìnkùlé wa ní Abẹ́òkúta bí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀: èwo ni àlejò, èwo ni onílé?

Ìyá Àsẹ̀rò béèrè pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin ará ìlú. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá ni mo ti sọ ọ́ di àṣà láti máa jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wa ní Àsẹ̀rò láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, tí mo sì ń kọ ohun tí mo bá rí lẹ́yìnkùlé sínú ìwé kan. Ẹ̀yìnkùlé náà kò tóbi. Igi àgbọn kan wà níbẹ̀, igi máńgòrò kan, ọ̀pẹ méjì lẹ́bàá ògiri, ebè ewédú àti tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ níbi tí omi ìfọṣọ ń ṣàn gbà, àti àpáta pẹrẹsẹ kan tí a kò rí hú kúrò nígbà tí a ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò àrọ̀kúrò ti ń dáwọ́ dúró ni ibẹ̀ ti kún fún ohun tí n kò rí ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá ni ẹyẹ kékeré kan kọ́kọ́ yọ sí mi lẹ́bàá omi ìfọṣọ yẹn. Àyà àti ikùn rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ewé tó ń rọ, ìlà funfun sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ìrù rẹ̀ méjèèjì. Kì í bẹ́ lọ bí ológoṣẹ́. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń sáré, bí ó bá sì ti dúró, ìrù rẹ̀ a máa lọ sókè sódò láìsinmi, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná. Lọ́jọ́ kejì wọ́n di mẹ́ta, ní báyìí wọ́n ti di mọ́kànlá. Mo wo ìwé mi ti ọdún tó kọjá, mo sì rí i pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo kọ ọ́ pé “ẹyẹ onírù jíjò” dé, àti pé n kò rí wọn mọ́ lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ fìdí múlẹ̀. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ń lọ?

Alápàńdẹ̀dẹ̀ náà ti pọ̀ sí i. Wọ́n ń tò sórí wáyà iná ní ìrọ̀lẹ́. Mo ka 43 lọ́jọ́ kan. Àwọn ẹ̀gà ní tiwọn, tí wọn kì í jẹ́ kí etí ẹni gbọ́ ohun mìíràn ní ìgbà òjò, ti dákẹ́ lójijì, ìtẹ́ wọn tó ti gbẹ sì ń fì lórí ọ̀pẹ láìsí ẹni tó ń wọlé tàbí tó ń jáde. Ṣé wọ́n ṣí lọ ni?

Èyí tó ká mi lára jù ni ti òwìwí. Ọ̀kan ń gbé lókè ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, yóò fò jáde láìsí ariwo kankan, ojú rẹ̀ funfun bí àwo, yóò wá ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, igbe tó dà bí aṣọ tí wọ́n ń fà ya. Aládùúgbò wa, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún oṣù méje, ti pinnu pé òun yóò pe àwọn ọ̀dọ́ láti fi èéfín lé e jáde kí wọ́n sì pa á. Ohun tó ń sọ fún mi ni pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, pé òun kò ní dúró kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí òun. N kò fẹ́ kí wọ́n pa ẹyẹ náà, ṣùgbọ́n n kò ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi dá a lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Ìbéèrè kékeré kan ló kù. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Lafẹ́nwá, igún a máa bà sórí òrùlé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù títí òrùlé yóò fi dúdú. Ọdún kan gbáko ni mo ti ń kọ ìwé yìí, n kò tíì kọ orúkọ igún sínú rẹ̀ rí.

Tíṣà Ìbarà dáhùn pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Ìwé tí ẹ ń kọ yẹn ṣe iyebíye, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe dá a dúró.

Ẹyẹ onírù jíjò yín ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Motacilla flava. Àlejò ni. Yúróòpù ni ó ti ń yé, tí ó ti ń pamọ, nígbà tí àwa níhìn-ín bá wà láàrin òjò. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń lọ sópin lọ́hùn-ún, ojúmọ́ a máa kúrú, ewé igi a máa wọ́ dànù, kòkòrò a sì máa wọ́n lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òtútù ni ó ń lé irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kúrò nílé, ṣùgbọ́n ebi ni. Ẹyẹ tó lè jẹ hóró koríko máa ń rí nǹkan fẹnu kàn nínú òtútù, àmọ́ èyí tó jẹ́ pé kòkòrò nìkan ni oúnjẹ rẹ̀ kò ní ọgbọ́n mìíràn ju kó wá ibi tí kòkòrò wà lọ. Nítorí náà ni ó fi ń ré òkun kọjá, tí ó sì ń la aginjù Sàhárà já, kí ó tó dé etí omi ìfọṣọ yín. Láti gúúsù Jámánì dé Abẹ́òkúta ju kìlómítà 4,500 lọ, ẹyẹ tó rin ìrìn náà kò sì wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 20 lọ. Ní nǹkan bí oṣù kẹrin, yóò tún padà sílé, ohun tí ẹ sì kọ nípa òjò àkọ́rọ̀ bá a mu gan-an.

Ti alápàńdẹ̀dẹ̀ gba kí ojú ẹni mú díẹ̀, nítorí oríṣi méjì ni ó wà lórí wáyà yín. Èyí tó ń fi ẹnu ru ẹrẹ̀ tó sì ń mọ ìtẹ́ sábẹ́ òrùlé wa jẹ́ onílé. Kì í lọ sí Yúróòpù rárá. Èkejì, tí ọ̀fun rẹ̀ pupa bí osùn, tí ọ̀já dúdú sì gba àyà rẹ̀ kọjá láti apá kan dé èkejì, ni àlejò. Kì í kọ́ ìtẹ́ kankan níhìn-ín. Abà màlúù àti ilé àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù ni ó ń mọ tirẹ̀ sí. Níhìn-ín, ó wá jẹun ni, ó sì wá pààrọ̀ ìyẹ́, nítorí náà bí ẹ bá rí i tí ìrù rẹ̀ gígùn kò pé mọ́, kò ṣàìsàn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù láti sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni pé ní abúlé Ebbaken, ní ìpínlẹ̀ Cross River, ju mílíọ̀nù kan alápàńdẹ̀dẹ̀ àlejò wọ̀nyí lọ ló ń kóra jọ sùn sínú koríko gíga lórí òkè ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wo ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀ nígbà tí gbogbo wọn bá ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà! Ọkàn mi ń fà sí ibẹ̀ láti ọdún yìí wá.

Àwọn ẹ̀gà yín kò ṣí lọ, Màmá. Aṣọ ni wọ́n pààrọ̀. Akọ tí orí rẹ̀ dúdú tí ara rẹ̀ sì ń dán ní ìgbà òjò ń wọ aṣọ ìgbéyàwó nígbà náà ni. Òun ni ó ń ya imọ̀ ọ̀pẹ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, tí ó ń hun ún, tí ó ń dorí kodò lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ tí ó ń lu apá kí abo lè wá wò ó. Bí ilé náà kò bá tẹ́ abo lọ́rùn, akọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú u palẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ní báyìí tí ìgbà ìyéyin ti kọjá, dúdú orí rẹ̀ ti ń ṣá, ó ti jọ abo, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá hóró koríko kiri. Ẹ wo àárín àwọn ẹyẹ rẹ́súrẹ́sú tó ń bà sí orí koríko gbígbẹ lẹ́yìn ògiri, ẹ óò rí wọn.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Láti ọdún 2015 ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ tó wà ní Jos ti ń bá àwọn aráàlú ṣe iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ àwọn ẹyẹ Nàìjíríà, wọ́n pín gbogbo orílẹ̀-èdè sí igun mẹ́rin kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí kìlómítà 9 níbùú lóròó, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ẹyẹ dáadáa sì lè fi orúkọ ohun tó rí ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀. Irú ìwé tó ní ọjọ́ àti iye bíi tiyín ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́.

Àgbẹ̀ Òdẹ́dá dáhùn pé:

Mo kí yín, Màmá, mo kí Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n mú ti oko wá, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìnkùlé yín kò ju etí aṣọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa lọ.

Lékèélékèé ni kàlẹ́ńdà wa. Ní ìgbà tí òjò bá pọ̀, díẹ̀ ni à ń rí, nítorí wọ́n ti lọ sí òkè ọya níbi tí koríko tutù ti wà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú koríko ibẹ̀ gbẹ, wọn a tún sọ̀kalẹ̀ wá bá wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo dúró wo ọ̀kan tó ń tẹ̀lé màlúù darandaran kan lẹ́bàá ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ mi. Ó ń rìn sún mọ́ pátákò ẹsẹ̀ màlúù náà débi pé àyà mi ń já. Ọrùn rẹ̀ ń lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn, ó ń mi díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wọn nǹkan, bí tata kan sì ti fò jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ màlúù báyìí, ó ti gún un, ó ti gbé e mì, kí n tó pa ojú dé. Àwọn ọmọ mi ṣì ń gbọn èékánná sí wọn pé kí wọ́n fún àwọn ní funfun, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣe.

Àwòdì náà ti padà dé. Ẹ rántí pé àwọn àgbà wa ní àwòdì ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Láti ìgbà tí mo ti ń dáko ni mo ti gbà pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ti dúró lórí òkè rí nígbà tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Àwòdì kì í lu apá púpọ̀. Ńṣe ni ó ń tẹ́ apá sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ àríwá ń gbé e lọ, tí ó sì ń fi ìrù rẹ̀ tó là láàárín tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà. Bí òjò bá tún dé, yóò padà sí òkè ọya.

Ṣùgbọ́n ibi tí àwòdì máa ń pọ̀ sí jù ni ibi tí wọ́n bá ti finá sí ìgbẹ́, nítorí ó mọ̀ pé eku àti tata yóò sá jáde. Ọ̀rọ̀ iná yìí ń dùn mí lọ́kàn. Ní àkókò yìí, ìgbín ti wọ abẹ́ ewé gbígbẹ, ó ti fi ohun funfun kan tó le bí ẹfun dí ẹnu ara rẹ̀, ó ń dúró de òjò ọdún tó ń bọ̀. Kò lè sá. Aparo lè fò, ìgbín kò lè fò. Mo ń bẹ gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀yìnkùlé lásán, pé kí wọ́n fi àdá ro ó, kí wọ́n sì fi ewé rẹ̀ bo ìdí igi dípò kí wọ́n dáná sun ún.

Baba Ìtòkò dáhùn pé:

Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú ìdùnnú. Ìtòkò ni wọ́n bí mi sí, kò jìnnà sí ẹsẹ̀ Olúmọ, mo sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ti òwìwí ni n óò kọ́kọ́ sọ, nítorí ó jẹ́ kánjúkánjú.

Ẹ kí aládùúgbò yín fún mi. Ẹ sọ fún un pé ìbẹ̀rù rẹ̀ kò yà mí lẹ́nu, nítorí ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ lóyún kì í gbọ́ igbe òru kí ó sì sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó ro ọ̀rọ̀ náà wò. Òwe tó pa ń sọ ti ẹni tó ké lánàá lẹ́ẹ̀kan, tí ọmọ sì kú lónìí. Òwìwí yín ń ké lálaalẹ́. Bí igbe rẹ̀ bá ń pa ọmọ, ọmọ mélòó ni ì bá kù ní Àsẹ̀rò? Mo ní òwìwí méjì lórí àjà ilé mi fún ọdún mẹ́fà. Ọmọ-ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí sínú ilé náà láàrin ọdún mẹ́fà yẹn, gbogbo wọn ló wà láàyè. Ohun tó kú ni eku. Àgbàdo tí mo ń so kọ́ sókè ààrò, tí eku ti ń jẹ ní ìlàjì tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pé títí di ìgbà ìgbìn.

Màmá, bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí tí yóò fojú ara rẹ̀ rí, ẹ lọ sí abẹ́ ibi tí ẹyẹ náà ń sùn sí lọ́sàn-án. Ẹ óò rí àwọn ìṣù dúdú kan nílẹ̀. Ìgbẹ́ kọ́. Òwìwí máa ń gbé eku mì lódindi, ohun tí ikùn rẹ̀ kò bá sì lè lọ̀, irun àti egungun, yóò pọ̀ ọ́ padà láti ẹnu ní ìṣù. Ẹ fi omi rẹ ẹ́, ẹ fi igi tú u níwájú rẹ̀. Kí ẹ sì kìlọ̀ fún gbogbo àdúgbò lórí oògùn eku, nítorí eku tó jẹ oògùn kì í kú lójú ẹsẹ̀, òwìwí tó bá sì gbé e ń gbé ikú tirẹ̀ náà mì.

Ní ti igún, ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí: báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ wa, gbogbo ẹni tó jẹ́ ọjọ́ orí mi sì mọ̀ ọ́n. Lóde òní, orí igún àti ìyẹ́ rẹ̀ wà lórí àtẹ láwọn ọjà kan gẹ́gẹ́ bí èròjà oògùn, àwọn tó ń rà á sì jẹ́ ọmọ àwọn tó kọ́ wa ní èèwọ̀. Igún tí a mọ̀ ní ìlú yìí, èyí tí ìwájú rẹ̀ pupa tí kò ní ìyẹ́, jẹ́ ẹyẹ tó ń yé ẹyin kan ṣoṣo fún àkókò ìyéyin kan. Bí wọ́n bá pa àgbà méjì lónìí, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò gbà kí ẹlòmíràn tó rọ́pò wọn. Ní ọdún 2015 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ àwọn ẹ̀dá tó ń lọ kúrò láyé fi í sí ìpele tó sún mọ́ ìparun jù lọ. Ní ọdún 2020, ju igún 2,000 lọ ló kú ní Guinea-Bissau, oró ni wọ́n fi pa wọ́n, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ nínú wọn láìlórí. Nítorí náà, Màmá, ìwé yín kò ṣe àṣìṣe. Ohun tí ẹ kò rí, kò sí níbẹ̀ ni.

Ìyá Onírẹsì dáhùn pé:

Ẹ má bínú sí mi o. Ọ̀rọ̀ yín dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó gbin ìrẹsì Ọ̀fàdà lọ́nà Ọbáfẹ́mi kò lè fi gbogbo ẹnu yin ẹ̀gà. Nígbà tí ìrẹsì mi ṣì ń ní wàrà nínú, wọ́n bà sórí rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n mu ún, wọ́n fi èèpo sílẹ̀ fún mi. Ìdá mẹ́ta ni mo pín oko náà, ìdá kan lọ. Kí ni kí n ṣe sí wọn lọ́dún tó ń bọ̀?

Tíṣà Ìbarà dáhùn pé:

Ẹ kú ìyà, Ìyá. Ìpàdánù gidi ni, kò sì tọ́ kí á máa bá yín sọ ẹwà ẹyẹ nígbà tí ebi ń bẹ nílẹ̀. Ẹ má fi oògùn sí i, nítorí òkú ẹyẹ olóró yóò pa àwòdì àti ajá àdúgbò. Ẹ bá àwọn tí oko wọn bá yín pààlà sọ̀rọ̀ kí gbogbo yín gbìn ín ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí ó má baà jẹ́ pé oko yín nìkan ni ó kọ́kọ́ yọrí. Ẹ wá ẹni tí yóò máa lé ẹyẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí hóró fi ń ní wàrà, láàárọ̀ kùtù àti lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nítorí àkókò méjèèjì yẹn ni wọ́n ń jẹun jù. Bí ó bá sì ti gbó, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ lóko.

Ìyá Àsẹ̀rò padà wá, ó ní:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá jù lọ lọ́wọ́ yín, Baba.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo wọ inú ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí náà pẹ̀lú aládùúgbò wa. Ìṣù méje ni a bá nílẹ̀. Wọ́n dúdú, wọ́n tó àtàǹpàkò ọwọ́, méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jábọ́ sì ń dán bí ẹni fi epo pa wọ́n lára. Mo gbé ọ̀kan sínú abọ́ omi, mo fi igi ìgbálẹ̀ méjì tú u. Irun eérú ni ó kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà eegun ẹsẹ̀ tó tín-ín-rín ju abẹ́rẹ́ lọ, lẹ́yìn náà agbárí eku mẹ́ta pẹ̀lú eyín wọn pípọ́n, àti agbárí asín kan tí ẹnu rẹ̀ gùn. Aládùúgbò wa lóṣòó, ó gbé agbárí kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́. Ó ní òun rò pé ewé àti egbò ni òun yóò rí níbẹ̀, ohun tí wọ́n dì fún ibi. Kò sọ pé òun fẹ́ràn ẹyẹ náà, ṣùgbọ́n ó ti dá àwọn ọ̀dọ́ náà padà, ó ní kí ó wà níbẹ̀ títí ìyàwó òun yóò fi bímọ, kí a tún jọ wò ó. Èmi náà ti bá ìyàwó rẹ̀ jókòó, mo sì ti sọ ti ọmọ-ọmọ mẹ́rin Baba fún un.

Mo ti wo wáyà iná bí Tíṣà ti wí. Mọ́kàndínlógún nínú àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ tí mo rí lánàá ni ọ̀fun wọn pupa tí ọ̀já dúdú gba àyà wọn kọjá, n kò rí ti àwọn yòókù dáadáa nítorí oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹ̀gà náà wà láàrin koríko. Akọ kan ṣì ní dúdú díẹ̀ lábẹ́ ẹnu, bí ọmọ tí kò nu ẹnu lẹ́yìn tó mu ọbẹ̀.

Mo gbé àpáàdì ìkòkò kan sórí àpáta, mo bu omi tí kò jìn sínú rẹ̀, mo sì ń dà á nù ní àràárọ̀ kí n tó bu òmíràn, kí ẹ̀fọn má baà yé sínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni nǹkan kan kò fi sún mọ́ ọn. Lónìí, ọyẹ́ díẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, n kò rí orí Olúmọ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹyẹ onírù jíjò kan gun orí àpáta náà, ó yí àpáàdì ká lẹ́ẹ̀mejì, ó bu omi mu, ó gbé orí sókè kí omi lè sọ̀kalẹ̀, ó tún bu òmíràn. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé.